Báwo ni ẹ ṣe ń dá ibà pọ́njú (jaundice) mọ̀ lára ọmọ tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí àgbà, mo kí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bílírúbìn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń sọ ara àti ẹyinjú di aláwọ̀ ìyeyè bí ó bá pọ̀ jù. Kíka èémí ọmọ àti yíyẹ àwùjẹ̀ rẹ̀ wò kò ṣòro fún mi. Ibà pọ́njú ni ó ń dà mí láàmú.

Wọ́n kọ́ wa pé kí a fi ìka tẹ iwájú orí tàbí igbá àyà ọmọ, kí a sì wo àwọ̀ tí ó bá hàn bí a bá ti gbé ìka kúrò, ṣùgbọ́n lára ọmọ tí ó dúdú, pàápàá lábẹ́ iná gílóòbù pupa, n kì í lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí mo rí. Ẹyinjú ìbá ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ ọmọ ọjọ́ méjì kì í fẹ́ lajú. Ṣé èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ̀yin máa ń gbára lé?

Mo mọ̀ pé èyí tí ó bá yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24 kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Èyí tí ó yọ ní ọjọ́ kẹta ńkọ́, tí ọmọ sì ń mu ọmú dáadáa?

Bákan náà, àwọn ìyá àgbà ṣì ń fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí èròjà G6PD, èyí tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀, kí ó sì fa ibà pọ́njú. Báwo ni ẹ ṣe ń sọ èyí fún wọn láì dà bí ẹni tí ó rí wọn fín?