Ta ni kí a bá sọ̀rọ̀ owó ìgbéjáde ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun, kí sì ni a ó sọ fún un?

Ayàwòrán Òkè-Fìà béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣiṣẹ́ fídíò, tí a sì ń gbé ètò jáde ní tààrà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìpàdé ìjọ àti ọdún Ọ̀ṣun ni a mọ̀ ọ́n ṣe jù. Lóṣù tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ kan tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje lórí ọ̀sà Èkó ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ní àwọn ní ìdíje ọlọ́jọ́ méjì kan, àwọn sì fẹ́ kí a gbé e jáde ní tààrà kí àwọn ẹbí wọn tó wà lókè òkun lè wò ó. Owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, nítorí náà wọ́n ní kí a bá àwọn wá agbátẹrù, kí a sì yọ owó iṣẹ́ wa nínú ohun tí ó bá mú wá.

Kí n tó dá wọn lóhùn, mo lọ fi ojú ara mi wo ọ̀kan nínú ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo dúró létí omi fún bíi wákàtí méjì. Ọkọ̀ wọn dùn ún wò, ìgbòkun wọn funfun bí ìyẹ́ lékeléke, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi jìnnà débi pé n kò mọ èyí tó ń ṣáájú mọ́. Ọkọ̀ kan ń lọ sí apá òsì, òmíràn ń lọ sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé ibi tí wọ́n ń lọ kò papọ̀ rárá. Mo bi ọkùnrin kan tó dúró tì mí léèrè, ó ní òun náà kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Ó kàn ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

Nígbà tí mo padà délé, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Èkíní kò fèsì. Èkejì ní òun lè ra ife ẹ̀yẹ, kí a kọ orúkọ òun sí i lára, ṣùgbọ́n pé òun kò ní owó fún fídíò. Alábòójútó ìpolówó ní ilé-iṣẹ́ kẹta gbà mí lálejò dáadáa, ó ka ìwé mi tán, ó wá bi mí pé, "Ta ni yóò jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí ó máa wo aṣọ funfun lójú omi?" N kò rí èsì kan fún un, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: báwo ni àwọn tó ń ṣe irú ìdíje yìí káàkiri ayé ṣe ń rí onígbọ̀wọ́ fún ìgbéjáde rẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí a fi lé agbátẹrù lọ́wọ́ kí ó má bàa rò pé owó òun wọmi?

Ọmọ Òróki l'Ékòó fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Èkó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀ ìgbòkun. Ohun tí ojú yín rí létí omi yẹn ni èsì tí ẹ ń wá. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ kí ó sì lọ gbọnrangandan. Ó ní láti máa gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó tún yí padà gba ẹ̀gbẹ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń gun òkè tó ga láì kọjú sí i. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ẹ rò pé ó ti ṣìnà lọ sí apá òsì lè jẹ́ pé òun gan-an ló wà níwájú. Bàbá ọmọ yẹn kò lè mọ̀, bí ó tilẹ̀ dúró síbẹ̀ títí di alẹ́. Ìgbéjáde nìkan ló lè sọ ìdíje yìí di ohun tí ojú ń rí, èyí ni pé ẹni tó bá gbọ̀wọ́ ìgbéjáde ti gbọ̀wọ́ ìdíje náà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún alábòójútó ìpolówó yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn. Ìdíje America's Cup ti wà láti 1851, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ yí erékùṣù Wight ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ń múra fún ti San Francisco ní 2013, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Stan Honey, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ètò ìlà ìyeyè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rí lórí pápá bọ́ọ̀lù wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò LiveLine kalẹ̀. Hẹlikópútà ń ya àwòrán láti òkè, ẹ̀rọ GPS tó wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí ó wà láì fi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ṣìnà, kọ̀ǹpútà sì ń fa ìlà sójú omi bí ẹni pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún síbẹ̀. Òǹwòran ń rí àsíá orílẹ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ń rí iye mítà tí ọ̀kan fi ṣáájú èkejì. Ètò náà gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi ń yẹ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún náà, New Zealand ti ní ayò 8, Oracle ti Amẹ́ríkà ní 1, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo kí New Zealand gbé ife lọ, ni Oracle bá borí nínú ìdíje mẹ́jọ léraléra, tí ó fi di 9 sí 8. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí lè tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀, nítorí pé ìlà wà, nọ́ńbà sì wà.

Ní ti onígbọ̀wọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ síra. Ní 1983 ni ilé-iṣẹ́ Louis Vuitton bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe ìdíje tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò bá ẹni tó ní ife náà figagbága, nígbà tí ó sì di ti Barcelona ní 2024, orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú gbogbo ìdíje náà. Ti Vendée Globe tún wọlé ju ìyẹn lọ. Ìdíje ẹnìkan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1989, Les Sables-d'Olonne ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á sì yí ayé ká láì dúró níbìkan. Níbẹ̀, orúkọ agbátẹrù ni orúkọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tí Charlie Dalin fi borí ní oṣù kìíní 2025, lẹ́yìn ọjọ́ 64 lójú omi, Macif Santé Prévoyance ló ń jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni Macif. Kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lè sọ ibi tí ọkọ̀ náà dé láì pe ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ yẹn bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gba orúkọ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Èkó tàbí ní Òṣogbo wa. Owó kékeré láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá máa ń yá ju owó ńlá láti ọwọ́ ẹnìkan lọ.

Ẹlẹ́rọ Alékúwodò fèsì:

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àbúrò wa dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe ṣèlérí LiveLine fún ẹnikẹ́ni, nítorí hẹlikópútà kò sí lápò yín. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ di fóònù kan sínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ so ó mọ́ inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fi ibi tí ọkọ̀ wà ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé àwòrán ilẹ̀ sójú fídíò tí òǹwòran yóò ti rí gbogbo ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Nínú ìdíje Sydney sí Hobart ní Australia, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá tí ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ máìlì ojú òkun 628, ìgbéra nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, orí àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀bá àwòrán ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tà fún agbátẹrù, nítorí ibẹ̀ ni ojú òǹwòran máa ń padà sí.

Nǹkan tó ń pa kámẹ́rà lójú ọ̀sà ju òjò lọ ni iyọ̀. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí láti inú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kan. Omi ta sí ojú kámẹ́rà, mo fi etí aṣọ mi nù ún, ó mọ́ lójú mi, àfi ìgbà tí oòrùn mú un, gbogbo àwòrán wá funfun bí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́. Iyọ̀ ló gbẹ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi tútù tí kò ní iyọ̀ nínú ìgò àti aṣọ múlọ́múlọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ kọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì, epo wọn, ẹ̀wù amúniléfòó fún gbogbo òṣìṣẹ́, àti dátà láti ọwọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì ó kéré tán sínú ìwé owó yín, nítorí agbátẹrù kò lè mọ̀ pé ọkọ̀ tí kámẹ́rà wà nínú rẹ̀ náà ń mu epo bí ẹ kò bá sọ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi dúróònù ya àwòrán, ẹ ó gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀, kò yá. LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lójú omi.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìgbọ̀nà fèsì:

Ẹ kú àpérò o. Iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni mo sì fẹ́ mú wá, nítorí ibẹ̀ ni a ti jẹ ìyà jù. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ kì í wo aago. Ní San Francisco tí wọ́n sọ yẹn, ọjọ́ kan wà tí New Zealand ń ṣáájú lọ fíofío, tí ìdíje ọ̀hún ì bá sì fi ife lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rọ̀ débi pé ìṣẹ́jú 40 tí òfin fún wọn parí kí wọ́n tó dé òpin, wọ́n sì fagi lé e. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín, kí ni agbátẹrù yóò sọ? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìdúró de afẹ́fẹ́ wà lára ètò, pé owó rẹ̀ kò ní í dínkù, kí ẹ sì gba ìdajì owó kí ẹ tó gbé kámẹ́rà kúrò ní Òṣogbo.

Àsìkò ìdúró yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì máa fún agbátẹrù tó bá sanwó jù. Ìgbà náà ni èmi yóò jókòó ti ọmọkùnrin tó ń di okùn ìgbòkun, kí ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀, kí ó fi ìka tó ti yi hàn sí kámẹ́rà. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ yóò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nínú ìdíje The Ocean Race, tí wọ́n ń pè ní Volvo Ocean Race tẹ́lẹ̀, oníròyìn kan máa ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yí ayé ká. Ó lè se oúnjẹ, ó lè gbálẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti bá wọn darí ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí a mọ àwọn ènìyàn náà. Ẹni tó bá mọ ọmọkùnrin tí ìka rẹ̀ yi yóò jókòó fún wákàtí mẹ́ta, kò sì sí ohun tó ní kí a má ṣe gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ pinnu fúnra yín bí àmì ilé-iṣẹ́ yóò ṣe tóbi tó àti igun tí yóò wà, kí ó tó di ọjọ́ náà. Nígbà kan tí a ń gbé àjọ̀dún kan jáde, aṣojú agbátẹrù fi dandan lé e pé kí àmì wọn gba ìsàlẹ̀ àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nígbà tí olórí ayẹyẹ náà kúnlẹ̀, àmì yẹn bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi bẹ àwọn àgbà ìlú náà, mo sì ń rántí rẹ̀ títí di òní. Bí ìpolówó kan bá máa wà láàárín ètò, ẹ jẹ́ kí agbátẹrù gba àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí òfin 2022 ṣe wí, kí wọ́n má ṣe dì í rù yín.

Bàbá Ọjà-Ọba fèsì:

Èmi kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ ti ẹni tó fẹ́ ra ife ẹ̀yẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ti mú owó jáde lẹ́ẹ̀kan lè mú un jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tó ń fi í lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè iye tí fídíò jẹ́.

Ayàwòrán Òkè-Fìà tún kọ̀wé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kò ní í ṣìnà. Mo ti pe àwọn ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti gbà pé kí owó ìgbéjáde dá wà lọ́tọ̀, kí a má dà á pọ̀ mọ́ ti ife ẹ̀yẹ, àti pé kí ọkọ̀ mẹ́fà gba orúkọ ilé-iṣẹ́. Bàbá, a ó gba ife náà. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọ̀kan nínú wa ń lọ fi fóònù sínú ọkọ̀ méjì láti dán an wò, a ó sì ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mo fẹ́ gbé síwájú alábòójútó ìpolówó tó bi mí léèrè. Mo ti ra omi inú ìgò. Ẹ̀yin Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ìgbọ̀nà, bí àyè bá wà, a fẹ́ kí ẹ bá wa lọ, kí ohùn yín wà lórí rẹ̀. Bàbá ọmọ yẹn ti ní òun yóò wá bá wa létí omi.