Ṣúgà mi ti dé 44: níbo ni mo ti lè ṣe eré ìdárayá láìsanwó?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Wọ́n pè mí lánàá láti ọ̀dọ̀ dókítà pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti dé 44 nínú àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń wo ìwọ̀n ṣúgà láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sáàárín 42 sí 47 tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fúnni. Àìsàn yìí ló pa ìyá mi, n kò sì lè fojú kékeré wò ó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, owó tó ń wọlé kò sì tó san ti jíìmù. Níbo ni mo ti lè ṣe eré ìdárayá láìsanwó, báwo sì ni kí n ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bà?

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ ìwé jíìmù kankan. Èmi tọwọ́ bọ ti oṣù 12 lọ́dún 2019, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo sì lọ. Nígbà tó sú mi, mo ní kí báńkì má san owó oṣooṣù náà mọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àwọn agbowó-gbèsè gba ihò ilẹ̀kùn wọlé, tó jábọ́ sórí bàtà eré tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán.

Àǹtí Bísí, London: Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, Bọ̀dá Wálé. Ẹ kò bá báńkì dá májẹ̀mú. Jíìmù ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí.

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ fún mi pé mo lè kúrò nígbà tó bá wù mí!

Àǹtí Bísí, London: Ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ohun tí ọmọ ẹnu ọ̀nà sọ. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ sí parkrun, eré sísá inú ọgbà ìtura. Kìlómítà 5 ni, ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Èèyàn 13 ló kọ́kọ́ sá a ní Bushy Park níbí lọ́dún 2004. Ẹni tí kò lè sáré lè rìn, olùyọ̀ǹda kan a sì máa tẹ̀lé gbogbo èèyàn lẹ́yìn, kí ó má baà sí ẹni tí yóò kẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé bákóòdù yín, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àti àkókò yín sílẹ̀, nílé o. Èmi gbàgbé tèmi lọ́jọ́ kan, mo sá a dópin, orúkọ mi kò sì jáde.

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ̀ ń sá ní Bushy Park yẹn. Ẹ wá gun òkè Heaton Park wa, ká wá mọ ẹni tó lẹ́sẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé, Birmingham: Ẹni tó ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ yóò ti máa tòògbé ní aago 9. Kí ìyá wa gbé Couch to 5K, áàpù NHS (ètò ìlera ìjọba) tó ń kọ́ni láti sáré kìlómítà 5, sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, nígbàkigbà tó bá rọrùn fún wọn. Kí wọ́n sì bi dókítà léèrè nípa ètò ìdènà ìtọ̀ ṣúgà ti NHS, nítorí pé ẹni tó wà ní 44 lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti oúnjẹ, iṣu àti dòdò ni mò ń kà mọ́ ìwọ̀n ẹ̀fọ́ àti èso márùn-ún tí wọ́n ní ká máa jẹ lójoojúmọ́, títí nọ́ọ̀sì fi sọ fún mi pé iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kò sí níbẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú búrẹ́dì àti ìrẹsì. Ilá, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò ni kí ẹ kà, gíráàmù 80 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Bísí, London: Ẹ wá ra tẹ̀tẹ̀ ní Rye Lane, ní Peckham. Ti Birmingham kì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé, Birmingham: Ẹ̀fọ́ Peckham kò lè dé ẹsẹ̀ ti Bódìjà, níbi tí ìrì ṣì wà lórí ewé. Láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, kò sì sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá. Àárò ìlú ń sọ mí.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gba bákóòdù mi, Woodhouse Moor ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tí n kò bá lọ síṣẹ́. Ẹ̀bà wá ńkọ́ o?

Bọ̀dá Wálé, Manchester: Ṣé gààrí Ìjẹ̀bú ni, mà?