Kì í ṣe eré ìje: ohun tó yẹ ká máa pe race condition

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ báyìí lórí orúkọ Yorùbá fún race condition, ìyẹn àbùkù inú ètò kọ̀ǹpútà tí àbájáde iṣẹ́ fi ń dá lórí èyí tó bá ṣáájú nínú nǹkan méjì tí kò sẹ́ni tó ń tò wọ́n: ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pè é ní "ipò eré ìje", àbúrò wa ní "ìfigagbága" ló dára jù. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn: dráífà (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ìlà tí pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdì dátà kéékèèké, ń tò sí kó tó jáde. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ipò". Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, tó bá gbọ́ "ipò eré ìje", ipò kìíní, ipò kejì, ipò kẹta ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Á bi yín pé ta ló gba ipò kìíní. Èdè wa ti lo ọ̀rọ̀ yẹn síbòmíràn tán, a ò sì lè já a gbà padà.

"Eré ìje" fúnra rẹ̀ ló wá burú jù. Ìje ní ẹ̀bùn, àwọn tó ń sá a sì mọ̀ pé àwọn ń bá ara wọn díje. Ní 1954, nígbà tí David Huffman ń lo irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ oníná tó ń tàn tó ń kú, ó bá a mu: àmì méjì ń gba inú wáyà lọ, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Àwọn yẹn ń sáré lóòótọ́. Nínú dráífà, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni díje, nítorí náà "ìfigagbága" náà kò bá a mu. Ẹ wo bó ṣe ń lọ nínú Linux, ètò tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà.

Káàdì ní òrùka àyè nínú mẹ́mórì, ká ní àyè 256. Apá kan dráífà, start_xmit, ń kó pákẹ́ẹ̀tì sínú àyè. Káàdì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Apá kejì, poll ti NAPI (ọ̀nà tí Linux fi ń bójú tó iṣẹ́ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ń tẹ̀ lé e láti palẹ̀ àwọn àyè tí iṣẹ́ wọn ti parí mọ́. Bí òrùka bá kún, start_xmit á pe netif_stop_queue láti dá ìlà dúró, kí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, má gbé nǹkan wá mọ́ ná. Bí poll bá palẹ̀ mọ́, tó rí i pé ìlà wà ní dídúró, á pe netif_wake_queue láti tún ṣí i. Àjọṣe ni wọ́n ń ṣe: ọ̀kan ń kó o sí i, èkejì ń kó o kúrò. start_xmit máa ń di àgádágodo ìlà (ohun tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà) mú kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ dráífà poll kì í dì í mú, kí iṣẹ́ lè yá.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó lè ju ẹyọ kan lọ) kan wà nínú start_xmit, ó ti fi pákẹ́ẹ̀tì sí àyè tó kẹ́yìn, ó wò, ó rí i pé òrùka ti kún. Kò tíì pe netif_stop_queue. Láàárín ìṣẹ́jú kéréje yẹn, lórí CPU kejì, poll palẹ̀ gbogbo òrùka mọ́. Ó bèèrè bóyá ìlà ti dúró. Ìlà ò tíì dúró. Nítorí náà kò jí ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni CPU àkọ́kọ́ wá dá ìlà dúró. Òrùka ṣófo, síbẹ̀ ìlà wà ní dídúró. Kò sí pákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ káàdì mọ́ tí yóò fi ní òun ti parí iṣẹ́, poll kò sì ní í rí àyè kankan palẹ̀ mọ́ tí yóò fi tún bèèrè ọ̀rọ̀ ìlà. Bí ẹni tó ní kí wọ́n jí òun, àmọ́ tó sùn lẹ́yìn tí ajíni ti kọjá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, bí dráífà kò bá yan iye mìíràn, gbólóhùn kan á yọjú nínú àkọsílẹ̀ kernel: NETDEV WATCHDOG, àti pé transmit queue 0 ti timed out, ìyẹn ni pé ìlà náà ti dúró pẹ́ jù.

Ta ló sáré jù níbẹ̀? Ta ló jáwé olúborí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àlàfo wà láàárín wíwò àti ṣíṣe, ẹlòmíràn sì bọ́ sínú rẹ̀. Àbájáde wá dá lórí ẹni tó ṣe tirẹ̀ ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàkóso ìyẹn. Nítorí náà àbá tèmi ni "ìtẹ̀léra àìdájú". Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹni tí kò kọ kóòdù rí á gbọ́ ọ, á mọ̀ pé nǹkan ń tẹ̀ lé nǹkan, tí a ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà èyí tí yóò ṣáájú.

Ẹnì kan lè ní "àṣìtẹ̀léra" ṣe ṣókí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bá àṣìṣe, àṣìsọ àti àṣìgbọ́ rìn. Ó dùn létí lóòótọ́. Mo fẹ́ ká lò ó, àmọ́ fún nǹkan mìíràn. Bí poll bá palẹ̀ mọ́ kí start_xmit tó wò, kò séwu. Bó bá palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ìlà ti dúró, kò séwu. Àárín yẹn nìkan ni ewu wà. Ìtẹ̀léra àìdájú ni àbùkù tó wà nínú kóòdù látọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Àṣìtẹ̀léra ni ìgbà kan ṣoṣo tí àbùkù náà ṣọṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ń ran ẹni tó ń wá àbùkù lọ́wọ́ gidi. Ẹ fi printk, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kernel, sáàárín kí ẹ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àṣìtẹ̀léra lè má wáyé mọ́, torí printk ti yí àkókò padà. Ìtẹ̀léra àìdájú ṣì wà níbẹ̀ digbí. trace_printk fúyẹ́ jù ú lọ. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi udelay, tó ń mú kí CPU dúró díẹ̀, sáàárín wíwò àti netif_stop_queue kí àlàfo náà lè fẹ̀, mo sì máa ń dín òrùka kù bí káàdì bá gbà: ethtool -G eth0 tx 64. Òrùka kékeré tètè ń kún, ìlà á máa dúró lemọ́lemọ́, ohun tí ì bá fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì jáde síta kíá.

Àbúrò wa tún béèrè bóyá "ìfigagbága" lè dúró fún data race náà, ìyẹn àbùkù mìíràn tó jọ ọ́. Rárá o, ẹ má jẹ́ ká pa wọ́n pọ̀. Láti 2011 ni ìlànà èdè C ti là á sílẹ̀: ibì kan náà nínú mẹ́mórì, òpó iṣẹ́ (thread) méjì fọwọ́ kàn án, ó kéré tán ọ̀kan ń kọ nǹkan síbẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan kì í ṣe atomic (ìṣísẹ̀ kan tí kò ṣeé já sí méjì), kò sì sí ètò kankan láàárín wọn. "Àjọfọwọ́kàn aláìlétò" ni mo máa pe ìyẹn. KCSAN, irinṣẹ́ kernel tó wọ inú Linux 5.8 ní 2020, irú èyí ló ń wá. Nínú àpẹẹrẹ mi, bíìtì tó ń sọ pé ìlà dúró, set_bit àti clear_bit, tó jẹ́ atomic, ni wọ́n fi ń yí i. Bí ẹ bá tún fi READ_ONCE àti WRITE_ONCE (kíkà àti kíkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) sí nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí a dé nínú òrùka, àjọfọwọ́kàn aláìlétò ti tán níbẹ̀. KCSAN á dákẹ́. Ìlà á sì tún há.

Àtúnṣe tó wà fún un ni pé kí start_xmit dá ìlà dúró ná, kó pe smp_mb (tí kì í jẹ́ kí kíkà tàbí kíkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣáájú èyí tó wà níwájú rẹ̀), kó tún wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àyè bá ti wà, kó fúnra rẹ̀ ṣí ìlà. Kí poll náà kọ nọ́ńbà tuntun sílẹ̀, kó pe smp_mb, kó tó bèèrè bóyá ìlà dúró. Kódà lórí x86, kíkà tó tẹ̀ lé kíkọ lè ṣáájú rẹ̀ lójú CPU yòókù, torí ohun tí CPU kan kọ lè ṣì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti 2023 ni netif_txq_maybe_stop ti wà nínú kernel kí àwa tí à ń kọ dráífà má bàa máa fọwọ́ ara wa to èyí. Fún smp_mb, "ààlà" tó mi.

"Ìforígbárí" tún wà tí àwọn kan ń mẹ́nu bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ethernet àtijọ́, níbi tí pákẹ́ẹ̀tì méjì ti ń pàdé lórí wáyà kan náà.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kọ sínú àlàyé àtúnṣe kóòdù mi rèé: "Ìtẹ̀léra àìdájú wà láàárín start_xmit àti poll, kò sí àjọfọwọ́kàn aláìlétò níbẹ̀, àṣìtẹ̀léra máa ń wáyé bí òrùka bá kún lọ́wọ́ CPU kan nígbà tí èkejì ń palẹ̀ mọ́." Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi "ipò eré ìje" rọ́pò tèmi nínú rẹ̀, kí ẹ kà á sókè, kí ẹ sì sọ fún wa bó ṣe rí.