Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú ìyá mi láìpa ara mi tì?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ọdún kẹta rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà ní wákàtí 2 sí 2 lóru kí egbò má baà dá sí i lára, kí n tó lọ pàtẹ ẹlùbọ́ ní Ọjà Jagun. N kò kábàámọ̀, ó tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sinmi, àyà mi a máa já bí ẹni pé mo jí àsìkò rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fowó ránṣẹ́, wọn kì í wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà mí sílẹ̀ ní ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, kí ọkàn mi sì gbà láti sinmi lọ́jọ́ náà?