AC split nínú ilé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé tí mò ń kọ́ ní Àkóbọ̀ ti dé orí òrùlé, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní irú AC tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn ni kí n ṣe, èyí tí ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo máa ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú ọ̀pá lókè àjà lọ sí gbogbo yàrá. Bíríkìlà mi ní kí n má dá a láṣà, pé split, èyí tí apá kan rẹ̀ ń wà lára ògiri nínú yàrá tí apá kejì ń wà níta, ni kí n gbé sí yàrá tó bá wù mí. Èmi ò lo AC rí nílé, fáànù la fi tọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín, tibi tire. Ẹni tó ń ta ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibòmíì kọjá.

Ìyá Àdùkẹ́, Houston

Ẹ̀gbọ́n, inú irú ilé tí wọ́n ní kí ẹ ṣe yẹn lèmi ń gbé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ooru oṣù kẹjọ ní Houston kì í ṣe kékeré, ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bù ú. Ilé tí a rà ti ní AC ńlá tó ń fi ọ̀pá pín atẹ́gùn, inú àjà ni àwọn ọ̀pá náà sì gbà. Ẹ wá rò ó wò. Láti òwúrọ̀ ni oòrùn ti ń yan òrùlé. Atẹ́gùn tí wọ́n ti fi owó iná mú tutù, ibi tó gbóná jù lọ nínú ilé ló máa gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ojú ìsopọ̀ ọ̀pá bá tún là, àjà lẹ̀ ń bá mú tutù. Department of Energy ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ síta pé ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀pá báyìí lè ju 30% lọ nínú iná tí AC ń jẹ, pàápàá tó bá jẹ́ inú àjà gbígbóná ló gbà.

Ìgbà tí màmá mi wá bá wa gbọ́mọ lọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ohun tó ń darí AC gbogbo ilé wà, tí ìsàlẹ̀ bá ti tutù, ó parí, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè. Màmá á wọ súwẹ́tà ní pálọ̀, wọ́n á gòkè lọ sí yàrá wọn, wọ́n á máa fi gèlè nu òógùn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò lè pa ti pálọ̀ kí ẹ tan ti yàrá mi ni?" Mo ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀rọ kan náà ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ní Ìléṣà tàwọn ti wá, wọ́n ń pa ti pálọ̀.

Split la padà fi sí yàrá òkè yẹn, mini-split ni wọ́n ń pè é níbí. Ihò tí kò ju ínǹṣì mẹ́ta lọ ni wọ́n lu sára ògiri, wọ́n gbé ti ìta sórí kọnkéré lẹ́yìn ilé. Wọn ò tú àjà, wọn ò fọwọ́ kan ọ̀pá kankan. Owó rẹ̀ ò kéré o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé ó máa ń yí ara rẹ̀ padà nígbà òtútù, á kó ooru láti ìta wá sínú yàrá. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ ṣá. Ní oṣù kejì ọdún 2021 tí yìnyín bo Texas tí iná sì lọ, àtèyí tó ní ọ̀pá àtèyí tí kò ní, wíwò la kàn ń wò wọ́n, a kó bùláńkẹ́ẹ̀tì bora.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ògiri tiyín, ẹ máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022 tí ooru ilẹ̀ yìí wọ 40.3°C ní Coningsby, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní AC rárá, tiwa náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi split sí i lẹ́yìn ìyẹn, onílé ní òun ò fẹ́ nǹkankan lára ògiri ìta. Èyí tó ní táyà tí wọ́n ń ki ọ̀pá rẹ̀ gba ojú fèrèsé ni mo rà. Ariwo ni. Fèrèsé ò sì lè tì dáadáa, ooru tó lé jáde ló ń padà wọlé. Mo dákẹ́.

Màmá Ṣadé, Súrùlérè

Èmi ti lo AC ojú fèrèsé rí. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá yọ ọ́ lọ tún ṣe, ihò tí géńdé lè gbà wọlé ló ń fi sílẹ̀, pákó la fi ń dí i, àdúrà la fi ń tì í lẹ́yìn. Split ò rí bẹ́ẹ̀. Apá tó ń pariwo, ìta ló wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló jẹ́ kí n rà á, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Ilé wa àti tiwọn, ojú ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín. Tí a bá ṣí fèrèsé lálẹ́, èéfín àti ẹ̀fọn ló ń wọlé. Tí a bá tì í, fáànù kàn ń da ooru kan náà rú lórí wa ni. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ègbèsì bo ọrùn àti àyà rẹ̀ láti oṣù kejì títí òjò fi dé. A fi páúdà, a fi osùn, a wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lẹ́yìn tí a gbé split sí yàrá, awọ ara rẹ̀ gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn mọ́jú. Dókítà tí a lọ bá tẹ́lẹ̀ ti sọ fún wa pé òógùn tí kò ráyè jáde lára ló ń fà á.

Ọ̀rọ̀ owó iná ńkọ́? Band A ni wá, àwọn tí wọ́n ní kí iná wà fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n gbé yúnìtì kan dé ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé wa dàrú. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ó di ₦209.50 ní oṣù keje. A ṣe ìpàdé ilé: AC kan ṣoṣo ló máa ṣiṣẹ́ lálẹ́, yàrá kan náà ni gbogbo wa á sì sùn sí, kí àwọn ọmọ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo ti ka mítà wò lójú ara mi. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago mẹ́fà àárọ̀, AC wa, 1HP (bí wọ́n ṣe ń pe ìwọ̀n agbára rẹ̀) oní-inverter, irú èyí tó ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, ń jẹ bíi yúnìtì mẹ́ta tí a bá fi sí 26°C. Ẹ ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí, tó ń mú pálọ̀ àti kíṣìnnì tutù lóru nítorí àwa tí a kó jọ sínú yàrá kan, owó ilé-ìwé làá fi san án.

Bàbá Ṣadé, 16 ni wọ́n fẹ́ kó wà. Abẹ́ ìrọ̀rí tèmi ni rémóòtì ń sùn.

Oníṣẹ́ AC, Òṣogbo

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ mi rèé, ẹ má bínú tó bá gùn.

AC kì í rọ òtútù, ooru ló ń kó. Gáàsì inú páìpù bàbà á gba ooru yàrá mọ́ra nínú ẹ̀rọ ti inú ilé, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á lọ tú ooru náà dà síta, á tún padà wá. Omi tẹ́ ẹ̀ ń rí tó ń kán, ọ̀rinrin inú yàrá yín ni.

Màmá Ṣadé, ẹ fi rémóòtì sábẹ́ ìrọ̀rí níbẹ̀. Èyí tí kì í ṣe inverter, ẹ fi sí 16 o, ẹ fi sí 24 o, bákan náà ló ń yára tó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti 16 ò ní sinmi. Tí irú AC yìí bá sì dé ibi tí ẹ fi í sí, á kú, á tún gbéra tagbáratagbára, gbogbo ìgbà tó bá gbéra ni iná jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹ́jú. Inverter ní tirẹ̀, tí yàrá bá ti tutù, á máa rìn jẹ́jẹ́ ni, ibẹ̀ lẹ ti ń jèrè iná. Kì í ṣe idán tuntun, láti ọdún 1981 ni Toshiba ti gbé irú rẹ̀ wọ inú ilé.

Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó lọ sọ́jà. 1HP, ìyẹn BTU 9,000 (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tí AC lè kó), tó fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá níbùú lóròó. Tí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ gòkè sí 1.5HP. Èèyàn á fi 1HP sí pálọ̀ tó já sí yàrá ìjẹun, á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e kọ́ gan-an ló lágbára ju irú èyí tẹ́ ẹ rà lọ. Ẹ dúró tì wọ́n. Tí wọ́n bá gé páìpù bàbà, irinṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi fẹ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu kàkàkí kí wọ́n tó fi nọ́ọ̀tì dè é. Tí wọ́n bá so ó tán, vacuum pump ló kàn, kó máa fa atẹ́gùn inú páìpù jáde fún bíi ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ kì í gbé e wá. Wọ́n á tú gáàsì díẹ̀ síta, ẹ ó gbọ́ "ṣíì", wọ́n á ní ó ti parí. Ọ̀rinrin tó kù síbẹ̀ ló ń pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó bá yá. Tó bá sì jẹ́ gáàsì tí wọ́n ń pè ní R32 ló wà nínú AC náà, ó lè gbiná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí.

Ẹni tó bá ní gáàsì AC yín ti tán, kó wá rọ òmíì, bó ṣe sọ lọ́dún tó kọjá, ẹ bi í pé ibo ló gbà lọ. Kì í tán bí epo mọ́tò. Tó bá dín, ó ń jò, ojú ibi tó ti ń jò ni kó wá.

Ohun kan tún kù. Split kì í fa atẹ́gùn ìta wọlé, èyí tó wà nínú yàrá ló ń yí po. Ẹ máa ṣí fèrèsé láàárọ̀. Kí ẹ má sì rò pé AC ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kí aládùúgbò gbé e jìnnà.

Àgbà Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń kà á bọ̀. Ilé bàbá mi ní Ìtókò, àjà rẹ̀ ga, fèrèsé kọjú sí fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba oòrùn dípò ògiri. A ò mọ AC. Fèrèsé onígíláàsì tẹ́ ẹ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ìdajì rẹ̀ ni kì í ṣí láéláé, ẹ tún fi àjà PVC mú òkè yàrá wálẹ̀. Ilé tẹ́ ẹ ti dí mú, AC lẹ fẹ́ fi tú u. Bàbá Ìbejì, kọ́kọ́ wo fèrèsé rẹ ná.

Màmá Ṣadé, Súrùlérè

Ẹ ṣeun Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wà ní Ìtókò, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ò sí lábẹ́ fèrèsé yín.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Split ni mo mú, yàrá méjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi sí. Màá sọ fún káfíńtà kó ṣe fèrèsé tó ń ṣí tán. Oníṣẹ́ AC, a ò tíì rẹ́ ògiri. Kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀? Ṣé sólà á sì lè gbé e?

Oníṣẹ́ AC, Òṣogbo

Ìgbà tó dáa jù lẹ bi mí yìí. Kí oníná fa wáyà tó dá wà fún AC kọ̀ọ̀kan láti bọ́ọ̀dù iná, kó ní breaker tirẹ̀. Kí bíríkìlà fi ọ̀pá PVC sínú ògiri fún páìpù, kó fi òmíì fún omi, kí ti omi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Tó bá fi lè gòkè níbì kan péré, orí bẹ́ẹ̀dì yín ni omi máa padà sí. Ẹ̀rọ ti ìta, ẹ má gbé e sí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì fi irin há a mọ́ra nítorí olè, ó gbọ́dọ̀ rí ibi mí. Ẹ fojú sí fèrèsé ará ilé kejì náà, ooru tó ń tú jáde ò dáa lójú èèyàn.

Sólà á gbé 1HP oní-inverter lọ́sàn-án tí pánẹ́ẹ̀lì yín bá tó. Ti òru, bátìrì ló máa sọ ọ́, ẹni tó máa ṣe sólà ni kó bá yín ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibi tí gbogbo páìpù gbà, kí ẹ na téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá fẹ́ kọ́ àwòrán ìgbéyàwó, ẹ ó mọ ibi tí ìṣó ò gbọ́dọ̀ dé.