Iyanrìn tí kì í jó ẹsẹ̀: ìrìn wa ní White Sands

Ìrìn aṣálẹ̀ tèmi kò ṣẹlẹ̀ ní Sàhárà. New Mexico ni, ní Amẹ́ríkà, ní páàkì White Sands. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní El Paso ló mú mi lọ, nínú oṣù kẹsàn-án, a sì jí lọ kí oòrùn tó mú. Ilẹ̀ ológun ló yí páàkì náà ká, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dán an wò, wọ́n lè ti ọ̀nà pa fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ wo ìkànnì páàkì kí ẹ tó gbéra.

Iyanrìn ibẹ̀ kì í ṣe irú ti etíkun Èkó. Gypsum ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP tí à ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé. Òjò ń fọ̀ ọ́ kúrò lára àwọn òkè tó yí àfonífojì náà ká, kò sì sí odò tí yóò gbé e lọ sí òkun. Omi á rọ́ sí Lake Lucero, adágún kan níbẹ̀, oòrùn á fà á gbẹ, gypsum á ṣẹ́kù sílẹ̀, á dì gbagidi, atẹ́gùn á wá máa fọ́ ọ títí yóò fi di iyanrìn funfun báláú. Ilẹ̀ tí àwọn òkìtì iyanrìn náà bò tó máìlì 275 níbùú lóòró.

Iyanrìn yìí tutù lẹ́sẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, wọ́n ń rìn lọ ní tiwọn bí ẹni wà ní pálọ̀. Gypsum kì í gba ooru mọ́ra bí iyanrìn tí a mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹsẹ̀ ò ní sọ fún ọ pé oòrùn ti ń pa ọ́. Ó ń pa ọ́ látòkè, ó tún ń ta láti ilẹ̀ bọ̀ wá sójú. Abẹ́ àgbọ̀n ló ti pa èmi, níbi tí fìlà ò lè bò.

Ọ̀nà Alkali Flat la gbà, máìlì márùn-ún ní àlọ àti àbọ̀. Ìwọ gun òkìtì kan, sọ̀kalẹ̀, tún gun òmíràn, ẹsẹ̀ ń rì. Kò sí ibòòji, kò sí omi. Òpó pupa ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn: ní ìdí ọ̀kan lo ti máa wo èkejì.

Ó kù díẹ̀ ká dé òpin ọ̀nà ni atẹ́gùn dìde. Kíá, ojú ẹsẹ̀ wa ti parẹ́, a ò sì rí òpó iwájú mọ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dúró síbí.”

Wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ lọ? Jókòó, mu omi.”

A kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, a fi ìborùn wọn bojú. Nígbà tó rọlẹ̀ tí òpó tún yọ, a ṣẹ́rí padà. A ò dé òpin ọ̀nà náà, kò sì dùn mí rárá.

Bí a ti ń bọ̀ la pàdé tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ wọn. Oòrùn ti wà ní àtàrí, ìgò omi kékeré méjì péré ló wà lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò lè dákẹ́. Wọ́n sọ fún wọn pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Faransé kú lójú ọ̀nà yìí kan náà. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 9, ni wọ́n bá láàyè, torí àwọn òbí ń fún un lómi ju bí àwọn fúnra wọn ti ń mu lọ. Bàbá tí a pàdé náà wo ọmọ rẹ̀, kò jiyàn. A jọ padà ni.

Ohun tí àwọn aláṣẹ páàkì fúnra wọn sọ nìyí: gálọ́ọ̀nù omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, bí ooru bá ti tó 85 lórí Fahrenheit, ẹ má bẹ̀rẹ̀, bí omi yín bá ti dé ìdajì, ẹ yí padà. Ilé ìgbàlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan lẹ ti máa rí omi pọn, kò sí òmíràn níwájú.