Wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún Màmá wa, wọ́n ti dá wọn padà sílé. Kí ni kí n ṣe?

Àbígbẹ̀yìn (Manchester):
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa, ẹni ọdún 71, ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ọ̀tún lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gé ojú egungun tó ti jẹ kúrò, wọ́n fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Èmi tiẹ̀ rò pé wọ́n á wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ti ìgbà tí egungun itan bàbá wa ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Wọ́n kó oògùn lé mi lọ́wọ́, wọ́n fún Màmá ní férémù ìrìn, wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ya ẹsẹ̀ sí, ó parí.

Ẹsẹ̀ náà ti wú bí iṣu. Wọn ò sùn lóru. Àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ pé kí n gbé omi kaná, kí n fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ orúnkún náà, kí n fi òrí wọ́ ọ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ lè tú. Omi ti wà lórí iná báyìí kí n tó rántí pé ẹ wà níbí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Birmingham):
Àbúrò, pa iná yẹn. Pa á kí o tó ka ìyókù.

Ṣé o ti pa á? Ó dáa. Àǹtí rẹ ò ní ibi lọ́kàn, ìwọ́ra tí wọ́n máa ń ṣe fún ìyá ọlọ́mọ tuntun ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ooru á fi kún wíwú ẹsẹ̀ yẹn ni, omi ò sì gbọdọ̀ kan ojú abẹ tí kò tíì jinná. Ti wíwọ́ ló léwu jù. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ń wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún Màmá ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Abẹ́rẹ́ ni o, oníhóró ni o, kí wọ́n lò ó tán pátápátá bí ara tiẹ̀ ti yá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún wọn ní àgbo mu ní gbogbo àsìkò yẹn. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó lè bá oògùn náà jà.

Tútù ni orúnkún ń fẹ́. Ra pí-ìsì inú fìrísà, àpò méjì, kí o lè máa pààrọ̀ wọn. Fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, má gbé e lé awọ lásán, kí bándéèjì má sì rin. Ìṣẹ́jú 20, gbé e kúrò, fi wákàtí méjì-mẹ́ta sí i kí o tó tún gbé e lé e. Tí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, máa yẹ awọ wò léraléra, torí wọ́n lè má mọ̀ pé yìnyín ti ń jó wọn.

Ti ìrora: ẹ má dúró kó dé kí ẹ tó lo oògùn. Kí wọ́n lò ó lásìkò, kí ọ̀kan sì bọ́ sí nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú eré ìdárayá ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ka ohun tó wà lára páálí. Co-codamol, oògùn ìrora tí wọ́n sábà máa ń fúnni, ní paracetamol nínú. Mo mọ ilé wa, Panadol, tí òun náà jẹ́ paracetamol, wà nínú báàgì, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Tí wọ́n bá lo èyí, tí wọ́n tún fi tọ̀hún lé e, wọ́n ti kọjá hóró 8 tó jẹ́ òpin láàárín wákàtí 24 láìmọ̀.

Ẹsẹ̀ máa wú, kò sí àní-àní. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun le gbandi, kó máa dùn wọ́n, kó gbóná. Ìwé wọn á sọ pé ‘kó pọ́n’. Awọ wa dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn lára wa, nítorí náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ wé ooru ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí o bá rí i bẹ́ẹ̀, tàbí tí ojú abẹ ń ṣomi, tí ibà ń ṣe wọ́n, pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níbí, lọ́jọ́ náà gan-an. Tí èémí bá ń kúrú tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, 999 ni, nọ́ńbà pàjáwìrì, má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ wa.

Àbígbẹ̀yìn (Manchester):
Mo ti pa á, mà. Mo ti fi omi yẹn te ẹ̀bà. Ẹ ṣé gan-an ni.

Ìyá Ìbejì (Peckham):
Ẹ kú ewu o. Ara Màmá á yá. Èmi ti ṣe méjèèjì, tòsì ní 2018, tọ̀tún ní 2022, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò sí nínú ìwé.

Àlejò. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí mo délé ní 2018, àwọn ìyá ìjọ wa dé, àwọn mẹ́sàn-án, pẹ̀lú kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù méjì. Ṣé kí n wá dùbúlẹ̀ níwájú wọn ni? Mo wọ bùbá, mo jókòó sórí àga láti aago méjì títí di aago méje, ẹsẹ̀ ń rọ̀ dòdòdò. A kọrin, a gbàdúrà, a sọ̀rọ̀ ẹni tó ṣèyàwó fọ́mọ tí kò pè wá. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ, orúnkún mi ti tó orí ọmọ ọdún kan, awọ rẹ̀ ń dán yinrin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ̀yà ìjókòó yẹn.

Ìyẹn ò tiẹ̀ wá burú tó ti ìrọ̀rí. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó fẹ́ràn mi dénú, rí i tí mò ń yọjú ìrora, ló bá ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún mi. Háà! Ó tù mí lára. Orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ìrora fò lọ. Mo sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo tún ki í síbẹ̀. Nígbà tí físíò, ẹni tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ẹsẹ̀, fi máa dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí n na ẹsẹ̀ tààrà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò nà mọ́. Ó ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ orúnkún mi níhìn-ín, ó ń yọ ọ́ lọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ tó ń gba abẹ́ bíríìjì kọjá. Ó wò mí, ó bi mí pé, ‘Níbo ni ìrọ̀rí náà wà?’ Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un o! Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ohun tí ìrọ̀rí yẹn gbà lọ́wọ́ mi.

Ṣé ẹ rí i, gbogbo èèyàn ló máa bi yín pé, ‘Ó ti tẹ̀ dé ibo? Ó ti pé dígírì 90?’ Ó yẹ kó tẹ̀ lóòótọ́, òun la fi ń dìde lórí àga, òun la fi ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n nínà ni ìrìn wà. Ẹsẹ̀ tí kò bá nà tán, títiro ni yóò máa tiro. Nítorí náà, gìgísẹ̀ ni kí o gbé lé táwẹ́ẹ̀lì tí o ká, kí abẹ́ orúnkún ṣófo, kó máa fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Fi ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Yóò ro wọ́n. Wọ́n á bú ọ. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ.

Tí àlejò bá dé, inú yàrá ni kí wọ́n ti kí wọn, kí Màmá dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Ẹni tó bá bínú, kó bínú. Àwọn tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù, torí nígbà yẹn jọ̀lọ́ọ̀fù ti tán.

Ọmọ Ìlárá (Dublin):
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ orúnkún, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni bàbá mi ò fi yàgbẹ́! Codeine inú co-codamol yẹn ló máa ń dì wọ́n nínú. Ẹ má dúró títí ọ̀rọ̀ á fi di ẹjọ́ o. Ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀fọ́, omi púpọ̀, kí ẹ sì béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́wọ́ dókítà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá mi ní ìrora yẹn ju ti orúnkún lọ.

Àbígbẹ̀yìn (Manchester):
😂 Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ti àtẹ̀gùn ńkọ́? Òkè ni yàrá wọn wà. Wọ́n kọ́ wọn ní ọsibítù, àmọ́ ó ti dàrú mọ́ wọn lójú.

Ìyá Ìbejì (Peckham):
Bí wọ́n bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí wọn ò là ló ń ṣáájú. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí wọ́n là ló ń ṣáájú. Èmi máa ń sọ fún ara mi pé èyí tí wọn ò là ni àgbà, èyí tí wọ́n là ni ọmọ tuntun. Tí a bá ń gòkè, àgbà á lọ síwájú kó lè fa ọmọ. Tí a bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, ọmọ á ṣáájú kí àgbà lè dì í mú láti ẹ̀yìn. Ìwọ dúró sísàlẹ̀ wọn nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ gígòkè, ì báà jẹ́ sísọ̀kalẹ̀.

Ká kápẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ gbogbo kúrò nílẹ̀. Bàtà àfẹsẹ̀wọ́ tí kò ní ẹ̀yìn, jù ú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìró tó ń gbálẹ̀ pàápàá! Ẹsẹ̀ férémù ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n máa wọ kaba tó mọ ní ojúgun. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí férémù, wọn ò lè gbé ife tíì, torí náà so àpò aṣọ mọ́ iwájú rẹ̀ fún fóònù, oògùn àti fúláàsì.

Bọ̀dá Texas (Houston):
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fún àwọn tó wà lápá ibí: ìyá ìyàwó mi ò tiẹ̀ sùn ní ọsibítù rárá, aago méje àárọ̀ la wọlé, ìrọ̀lẹ́ la ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Láti 2018 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, ò ti fi dandan lé e mọ́ pé ẹni tó pààrọ̀ orúnkún gbọ́dọ̀ di aláìsàn tó ń sùn sí ọsibítù. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n kọ orúkọ yín sí ẹni tó sùn tàbí ẹni tó wá tó lọ, torí owó tó máa kàn yín yàtọ̀.

Medicare máa ń san lára owó férémù tí dókítà bá kọ ọ́. Àga ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó gíga tí wọ́n ń gbé lé orí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, mo ti bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo yọ garawa abẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, mo gbé àga náà lé orí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó bọ́ síbẹ̀ rẹ́gí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ wo FMLA, òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba ìsinmi láti tọ́jú ẹbí. Tí ẹ bá ti lo ọdún kan níbi iṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ yín ní òṣìṣẹ́ 50 ó lé, tí wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́ láàárín ọdún náà sì pé 1,250, ẹ lè gba tó ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú òbí. Owó oṣù ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ń dúró dè yín. Òbí ìyàwó ò sí nínú òfin náà o. Ìyàwó mi ló gbà á, èmi kàn ń wakọ̀.

Alhaja (Leeds):
As-salaam alaikum. Àbígbẹ̀yìn, bí Màmá bá ń kírun, orí àga ni kí wọ́n ti máa kí i, ẹ̀sìn gbà á láàyè fún aláìlera. Ti kíkúnlẹ̀ ló ṣe èmi ní nǹkan. Dókítà ní kò sí ewu níbẹ̀ tí ojú abẹ bá ti jinná dáadáa, pé irin yẹn ò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ orúnkún mi lápá òde kú tipiri, kò mọ̀ bí mo bá fọwọ́ kàn án, tí mo bá sì kúnlẹ̀, àfi bí ẹni kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọdún kẹta rèé.

Ní ìyàwó kan ní Bradford, mo tẹríba lásán fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé ìlú òyìnbó ti bà mí jẹ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń yára sọ ọ́ kí wọ́n tó wò mí: ‘Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀ mà, wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún mi.’ Àwọn fúnra wọn á ní, ‘Má kúnlẹ̀ o, má kúnlẹ̀!’ Lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún tiwọn ni wọ́n á máa ròyìn fún mi.

Àbígbẹ̀yìn (Manchester), ọ̀sẹ̀ keje:
Ẹ̀yin ará ilé, mo ní kí n mú ìròyìn wá. Wọ́n yọ kílíìpù irin ojú abẹ lọ́jọ́ kejìlá. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta le, ẹkún ni Màmá ń sun lóru, wọ́n ní ta ló rán àwọn níṣẹ́ irin. Mo tọ́jú gbogbo ìrọ̀rí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún orí. Wọ́n bú mi gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, wọ́n tún bú Ìyá Ìbejì mọ́ ọn (ẹ má bínú, mà). Lánàá físíò na ẹsẹ̀ náà, ó balẹ̀ pátápátá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ̀ dé dígírì 110. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rìn dé ọjà Longsight báyìí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ lọ sílé fún ìsìnkú kan ní oṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Birmingham):
Ògo ni fún Ọlọ́run. Oṣù tó ń bọ̀ ti yá jù. Ìjókòó wákàtí mẹ́fà nínú bàálù, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń pè. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n bi ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àbígbẹ̀yìn (Manchester):
Màá sọ fún wọn, mà. Ẹ bá mi tún bú wọn díẹ̀. Férémù wá ńkọ́, ó kàn dúró sí kọ̀rọ̀ ni. Ta ló ni ín?

Ìyá Ìbejì (Peckham):
Wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ nọ́ńbà fóònù kan mọ́ ọn. Pè wọ́n, wọ́n á wá gbé e. Má fún Àǹtí Ìjẹ̀bú o.